Password Táblẹ́ẹ̀tì Dádì

[Ọ̀sán Sátidé. Azeezat, láti Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mikail tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà.]

AZEEZAT: Hẹ́lò? Bọ̀dá Mikail? Ẹ káàsán, sà.

MIKAIL: Azeezat, báwo ni? Mo wà lórí sáìtì o. Ṣé àlàáfíà?

AZEEZAT: Àlàáfíà ni. Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ—

MIKAIL: Gbogbo wọn wà. Wọ́n ń da kọnkéré níwájú mi báyìí. Sọ ọ́ kíá.

AZEEZAT: Kò le. Password email Dádì ni mo fẹ́ gbà. Èyí tí ẹ fi ṣí táblẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn nígbà tí ẹ rà á fún wọn ní Alábà.

MIKAIL: Password kẹ̀? Kí ló ṣe táblẹ́ẹ̀tì?

AZEEZAT: Ó ti lọ́ọ̀kì.

MIKAIL: Ṣebí pátánì ni Dádì máa ń fà sí i.

AZEEZAT: Wọ́n fà á, wọ́n fà á, kò gbà. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ó ní too many attempts, ó wá ń béèrè email àti password. Mo mọ email yẹn. Password ló kù.

MIKAIL: Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n? Ọwọ́ òsì tó ṣẹ́ kù yẹn náà? Azeezat, ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn tún ti ru ni?

AZEEZAT: Rárá o. Ara wọn le. Ó le ju tèmi lọ lónìí.

[Ariwo ẹ̀rọ kọnkéré. Ìlà ń já.]

MIKAIL: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ṣé o gbọ́ mi?

AZEEZAT: Mò ń gbọ́ yín báyìí.

MIKAIL: Ẹ fi sílẹ̀ di alẹ́. Tí mo bá délé, màá pè ẹ́, a jọ máa ṣe é.

AZEEZAT: Kò lè di alẹ́.

MIKAIL: Kí ni Dádì fẹ́ fi ṣe tí kò lè di alẹ́?

AZEEZAT: Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

MIKAIL: Kí wọ́n kọ ọ́ sórí pépà.

AZEEZAT: Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ohùn àti apá ọ̀tún wọn, wọn ò kọ nǹkan tí èèyàn lè kà mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ báyìí, ó dà bí ibi tí adìẹ ti ta ilẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

MIKAIL: Fún wọn ní fóònù tìẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

AZEEZAT: Bọ́tìnnì tèmi kéré. Mẹ́ta ni ìka wọn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Táblẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni lẹ́tà ẹ̀ tóbi tó. Òun ni wọ́n fi ń ná ọkadà, òun ni wọ́n fi ń kí aládùúgbò, òun ni wọ́n—

MIKAIL: Dúró. O ní wàhálà. Wàhálà wo?

[Lẹ́yìn, ohùn ọkùnrin kan nínú máìkì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jókòó."]

MIKAIL: Ta ló ń lo máìkì? Níbo lo wà?

AZEEZAT: Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá.

MIKAIL: Ìwọ ń gbé Àmùwò, Dádì ń gbé Fẹ́stààkì. Kí lẹ wá dé Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá?

AZEEZAT: Inú mọ́ṣáláṣí la wà.

MIKAIL: Òní kì í ṣe Jímọ̀.

AZEEZAT: Mo mọ̀.

MIKAIL: Azeezat.

AZEEZAT: Sà.

MIKAIL: Ta ló kú?

AZEEZAT: Kò sẹ́ni tó kú. Nìkáà ni.

MIKAIL: Nìkáà ta ni?

AZEEZAT: Ti Dádì.

[Ariwo ẹ̀rọ ń jìnnà díẹ̀díẹ̀. Ìró bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́.]

MIKAIL: Tún un sọ. Mo ti kúrò nídìí ẹ̀rọ.

AZEEZAT: Dádì ń gbéyàwó lónìí.

MIKAIL: Ẹ ò sì sọ fún mi.

AZEEZAT: Wọ́n kọ text sí yín. "Mikail, wá sílé, ọ̀rọ̀ kan wà." Ẹ ní iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n tún kọ òmíràn, ẹ ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè fi text sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àkọ́bí àwọn.

MIKAIL: Màmá wa ò tíì pẹ́ nínú sàréè.

AZEEZAT: Ó ti pẹ́, Bọ̀dá Mikail. Ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí ilé yẹn dákẹ́ ni. Mo máa wọlé lọ́sàn-án, màá bá Dádì lórí àga, táblẹ́ẹ̀tì á wà lórí itan wọn, iná ẹ̀ á ti kú, wọn ò ní mọ̀ pé ó ti kú.

[Ìlà ń já.]

AZEEZAT: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MIKAIL: Mo gbọ́. Ta ni obìnrin náà?

AZEEZAT: Àǹtí Yíwọlá. Opó ni wọ́n. Wọ́n ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì níhìn-ín.

MIKAIL: Báwo ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe fẹ́ opó ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá?

AZEEZAT: Dádì lọ kí àwọn awakọ̀ táńkà ẹgbẹ́ wọn àtijọ́ ní Sátẹ́láìtì, wọ́n wá yà ra búrẹ́dì. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Kí Dádì tó fi ìka kan tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ rà tán, àwọn tó ń tajà á ti dá èèyàn mẹ́ta lóhùn. Àǹtí Yíwọlá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró. Nígbà tí Dádì tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n gba táblẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ èsì padà.

MIKAIL: Èsì kí ni? Ṣebí Dádì ń gbọ́rọ̀.

AZEEZAT: Àǹtí Yíwọlá rò pé etí wọn di ni. Dádì náà ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gun ọkadà wá ra búrẹ́dì láti Fẹ́stààkì. Ó pẹ́ kí Dádì tó tẹ̀ ẹ́ pé, "Mò ń gbọ́rọ̀ o. Bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún mi ni mo fẹ́ràn."

MIKAIL: Dádì ló tẹ ìyẹn?

AZEEZAT: Dádì wa yìí.

MIKAIL: Kí wá ni wàhálà?

AZEEZAT: Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Yíwọlá. Bàbá Ògúnjìnmí. Lémọ̀ọ́mù ní tí Dádì bá ti mi orí, ó ti tó. Bàbá náà ní ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè mi orí sí ohunkóhun, àwọn ò ní fa àbúrò àwọn fún ẹni tí làákàyè ẹ̀ ò pé. Wọ́n ní kí Dádì fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ọ́. Wọ́n gbé pépà fún wọn. Dádì kọ ọ́, kò ṣeé kà. Ni bàbá náà bá gbé pépà sókè, wọ́n fi han gbogbo mọ́ṣáláṣí.

MIKAIL: Ó gbé e sókè?

AZEEZAT: Báyìí. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó." Dádì wolẹ̀. Ibẹ̀ lọwọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí pátánì ò gbà mọ́.

MIKAIL: Tí mi ò bá fún ẹ ní password yẹn ńkọ́?

AZEEZAT: Wọ́n á tú ká. Àwọn kan ti ń dìde.

[Ìró ẹsẹ̀. Ohùn àwọn èèyàn ń ròkè.]

MIKAIL: Gbé fóònù sétí Dádì.

AZEEZAT: Wọn ò lè—

MIKAIL: Gbé e sétí wọn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fi èékánná kan fóònù lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́ẹ̀mejì.

[Ìró aṣọ. Mímí àgbàlagbà.]

MIKAIL: Dádì, ẹ káàsán, sà. Mikail ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìró kan.]

MIKAIL: Ṣé Azeezat ló tì yín sí i? Ṣé ó ti sú u láti máa wá síbẹ̀ lójoojúmọ́?

[Ìró méjì, kíákíá.]

MIKAIL: Ṣé torí àtirí ẹni tọ́jú yín ni? Tó bá jẹ́ torí ìyẹn, màá wá ẹnì kan.

[Ìró méjì.]

MIKAIL: Ẹ mọ̀ pé inú mi ò dùn sí i.

[Ó pẹ́ díẹ̀. Ìró kan.]

MIKAIL: Ẹ ṣì fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀.

[Ìró kan.]

MIKAIL: Ó dáa, sà. Ẹ gbé e fún Azeezat.

[Ìró aṣọ.]

AZEEZAT: Bọ̀dá Mikail, èèyàn márùn-ún ti jáde.

MIKAIL: Máa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo ẹ̀. S. A. R. A. T. U.

AZEEZAT: Orúkọ Màmá wa.

MIKAIL: Ọdún tí wọ́n bí mi ló tẹ̀lé e. Má pè é sókè. Tẹ̀ ẹ́ nìkan.

AZEEZAT: Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí.

MIKAIL: Ṣé dátà wà lórí ẹ̀?

AZEEZAT: Ó wà. Ó ń yí. Network ibí yìí ò—ó ń yí ṣá.

MIKAIL: Má tún un tẹ̀ o. Fi sílẹ̀.

AZEEZAT: Mi ò fọwọ́ kàn án. Ó ti ṣí. Ó ti ṣí, Dádì ti gbà á lọ́wọ́ mi.

MIKAIL: Kí ni wọ́n ń kọ?

AZEEZAT: Ẹ ní sùúrù, ìka kan ni.

[Ẹnì kan wúkọ́.]

MIKAIL: Àwọn èèyàn yẹn ńkọ́?

AZEEZAT: Wọ́n ti ń padà jókòó. Ìka Dádì ni gbogbo wọn ń wò. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n nà án sí mi kí n kà á. Bàbá Ògúnjìnmí ní rárá, ọmọ wọn kọ́ ló máa kà á, mo lè bù mọ́ ọn. Àǹtí Yíwọlá ti gbà á. Ẹ gbọ́, màá gbé fóònù sókè.

[Ohùn obìnrin, láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀.]

YÍWỌLÁ: "Èmi Tájù Gbádégẹṣin ni mo tẹ èyí. Mo wa táńkà láti Èkó dé Kánò títí mo fi fẹ̀yìn tì, iná ò jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mi. Apá mi ló kú, orí mi ò kú. Bàbá Ògúnjìnmí, bàtà mi lẹ wọ̀ lọ ṣe àlùwàlá, tiyín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rí yín, n ò rí ẹnu sọ ọ́ ni. Mo fẹ́ Yíwọlá, torí ó máa ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán."

[Ẹ̀rín àwọn èèyàn. Ẹ̀rín náà pẹ́.]

MIKAIL: Ohùn obìnrin náà nìyẹn?

AZEEZAT: Ohùn wọn nìyẹn. Bàbá Ògúnjìnmí ti lọ wo bàtà. Wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ di Dádì lọ́wọ́ mú. Lémọ̀ọ́mù ti mú máìkì. Wọ́n ń bi Dádì.

[Ìlà ń já. Ohùn nínú máìkì ń lọ, ó ń bọ̀.]

MIKAIL: Ṣé o gbọ́ mi? Kí ni Dádì sọ?

AZEEZAT: Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé "Mo gbà." Wọ́n gbé táblẹ́ẹ̀tì sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn náà rí i.

[Ariwo ayọ̀ àwọn obìnrin.]

MIKAIL: Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

AZEEZAT: Bọ̀dá Mikail, Àǹtí Yíwọlá ń béèrè fóònù. Ṣé kí n fún wọn?

MIKAIL: Fún wọn.

YÍWỌLÁ: Hẹ́lò? Mikail?

MIKAIL: Ẹ káàsán, mà.

YÍWỌLÁ: Káàsán o. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n sọ.

MIKAIL: Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mà.

[Ìlà ń já.]

YÍWỌLÁ: ...ní o wà lórí sáìtì látàárọ̀... oòrùn yìí... ṣé o ti jẹun?

MIKAIL: Mà?

YÍWỌLÁ: Mo ní ṣé o ti jẹun.

MIKAIL: Mi ò tíì jẹun, mà. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní mi ò tíì—

[Ìlà já.]