Omi Tó Rin Ibùsùn Mi

Má sọ fún mi pé kí n mú sùúrù, Dúrójaiyé! Má wulẹ̀ sọ ọ́! Ìwọ àbúrò mi ni Olúlékè rí rán sí mi pé kí n padà sílé òun? Ṣé èmi kọ́ ni mo bí i ni? Kí ló dé tí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Aládé níbí?

Ọmọ mi rí ṣe nídìí kókó, mo dúpẹ́. Ó kọ́lé sẹ́bàá àpáta, àpáta gba oòrùn láti àárọ̀, ó ń da ooru rẹ̀ lé wa lórí, ọ̀gá ní ooru ń mú òun. Ó bá lọ fi lọ́rì gbé ẹ̀rọ amúlétutù wá láti Èkó, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá tó ń ké mọ́ wa létí. A kú oríire! Omi tí ẹ̀rọ yẹn ń tú jáde, wọ́n fi páìpù gbà á, páìpù gba yàrá mi kọjá sẹ́yìnkùlé, lókè ìdí mi gẹ́lẹ́ bí mo bá sùn. Kò síbòmíràn tó lè gbà mọ́, àbí? Yàrá ìyá ṣáà wà ńbẹ̀!

Mo jẹun ọ̀sán tán, mo sùn díẹ̀, mo jí, ìdí mi tutù rinrin. Mo ní òógùn ni. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, Gbémisọ́lá ìyàwó rẹ̀ wọlé wá kó abọ́, ó fọwọ́ kan ibùsùn, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá.” Pẹ̀lẹ́ kí ni? Ó gbé tìmùtìmù mi síta, ó sá a síbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ pọnmi á ti rí i! Ó tẹ́ rọ́bà ọmọ ọwọ́ fún mi! Mo jẹ iyán, ife omi kan péré! Mo ní, “Ẹ wo páìpù yìí.” Olúlékè fọwọ́ pa á láàárọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, ó gbẹ, ó ní, “Màmá, páìpù ò jò.” Ìyàwó ní, “Ara àgbà ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀.”

Kò sí ìtìjú! Ó wá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, o sì mọ̀ pé àwa Aládùúrà kì í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó ní kí ìjọ bá òun bẹ Ọlọ́run nítorí àpò ìtọ̀ ìyá ọkọ òun! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kígbe halelúyà méje lórí ìtọ̀ mi, èmi tí mo wọ aṣọ funfun jókòó níwájú! Èmi Ìbílọlá, tí mo ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti ìlú wa àtijọ́ lórí òkè pẹ̀lú oyún Olúlékè nínú, nígbà tí ìlú ń ṣí wá sísàlẹ̀!

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, mo kọ̀, mi ò sùn. Mo jókòó sórí àga, mo ń wo ibùsùn. Ẹ̀rọ ń kùn. Kí n kú bí mo bá purọ́, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn bí ẹni tó ń gúnyán! Omi ń kán tó, tó, tó. Mo pe Gbémisọ́lá. Mo ní, “Ta ló sùn síbẹ̀?” Ó wo páìpù, ó wò mí, ó ní òun gbé ọbẹ̀ kaná.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì ẹ̀rọ láti Àkúrẹ́. Ó ní páìpù ò lu, omi tútù inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ooru yàrá máa di omi sí i lára, bí ìgò omi tútù téèyàn gbé síta. Ó fi òwú wé e, ó fi àpò kókó lé e, ó dì í pinpin. Ibùsùn gbẹ. Olúlékè fi àkùkọ dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Èmi ńkọ́? Ta ló ní, “Màmá, ẹ má bínú”?

Dúró, mi ò tíì dé ibi tó dùn níbẹ̀! Lọ́jọ́ Ìsinmi, Gbémisọ́lá tún dìde, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti gbọ́, ìyá ọkọ òun ò tọ̀ sílé mọ́! Ìjọ bú sórin! Ọjọ́ náà ni mo dẹrù mi.

N ó padà. Sọ fún wọn pé n ó padà. Ṣùgbọ́n Gbémisọ́lá á kọ́kọ́ dìde níwájú ìjọ kan náà, á gbóhùn sókè, á ní, “Ẹ̀yin ará, kì í ṣe Màmá o, páìpù ọkọ mi ló ń tọ̀ sára ibùsùn wọn!”

Kí lo ń rẹ́rìn-ín sí? Mo ní kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Páìpù ọkọ... Háà! Yéè, Dúrójaiyé! Páìpù ọkọ rẹ̀! Ẹ gbà mí o! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó sọ ọ́, kó má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò!