Síìtì Tí Mùfú Ní Kí N Pààrọ̀

Ìgbà tí eegun mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè jókòó sílẹ̀ kí n sì dìde láì ké pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní mọ́tò kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ìyá àgbà yín yìí, mo wa mọ́tò. Kì í ṣe pé wọ́n gbé mi o. Èmi ni mo di sítíárì mú.

Obìnrin mélòó ló ń wa mọ́tò ní agbo ilé wa nígbà yẹn? Èmi nìkan. Tíṣà ni mí, ẹ kúkú mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ wà ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, láàárín àwọn àgbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu ni mò ń bá lọ. Bó bá yá, màá tètè dé. Bí kò bá yá, màá bá kíláàsì lófìfo, gbogbo ọmọ ti bá bàbá wọn lọ sóko. Ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ ń wá gbé lẹ́nu ọ̀nà ní Tanke, báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Torí náà ni mo ṣe ra mọ́tò. Àlòkù ni. Tíṣà ẹgbẹ́ mi kan tó ń padà sí ìlú wọn ló tà á fún mi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń gbẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, wáláhì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju… ẹ jẹ́ kí n má wí. Bàbá bàbá yín ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ń gbọ̀n.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe gbígbọ̀n kékeré. Bó bá ń lọ lójú títì, ó máa ń ṣe pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró wàyí, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́… há! Gìrìgìrìgìrì. Dígí á máa gbọ̀n, ilẹ̀kùn á máa gbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí mo bá sì fi í sí gía, nǹkan á dún gbì! níwájú. Àwọn ìyàwó ilé sọ mí lórúkọ. "Ìyá Onígbọ̀nrìrì dé o!" Bí mo bá ti ń yà wọlé báyìí, wọ́n á sáré di ìkòkò mú lórí ààrò, wọ́n ní kí ọbẹ̀ má baà dànù. Èébú ni, ṣùgbọ́n ó ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Bàbá Àáfà.

Bàbá Àáfà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun sì ni olórí agbo ilé. Ó ní ilé kéwú tiẹ̀ níwájú ilé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀ kan, ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n gbé òun lọ síbi ìkómọ kan ní Basin. Ó wé láwàní funfun, ó wé e dáadáa. À ń lọ, kò burú. Ni àwọn màlúù bá gba títì. Ta ló ń bá màlúù jiyàn? A dúró. Ni mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀. Gìrìgìrìgìrì. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Láwàní kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ dé iwájú orí. Ó dé ìpéǹpéjú. Nígbà tí màlúù tó kẹ́yìn máa fi kọjá, láwàní ti bo Bàbá Àáfà lójú pátápátá, tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún.

Ó rọra ṣí láwàní kúrò lójú. Ó ní, "Ìyàwó."

Mo ní, "Bàbá."

Ó ní, "Mọ́tò yìí, bó bá ń lọ, ara rẹ̀ á balẹ̀. Bó bá dúró, á máa gbọ̀n. Kí ló wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ kó dúró?"

Mo ní n ò mọ̀. Ó ní, "Àlùjànnú ni."

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ti délé kí èmi tó délé. Àwọn àbúrò ọkọ mi, tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kí ìyàwó ilé wọn máa wa mọ́tò tẹ́lẹ̀, inú wọn dùn bí ẹni tó rí sàárà jẹ. "A wí bẹ́ẹ̀! Kí wọ́n tà á!" Wọ́n pe ìpàdé lọ́jọ́ Àlàmísì. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kí ló máa sọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Bàbá Àáfà wá dájọ́. Ó ní Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Òun á ṣe hàntú, omi tí wọ́n fi fọ kéwú kúrò lára wàláà, fún mọ́tò náà, kí n máa wọ́n ọn sí i. Ó ní lọ́jọ́ Iléyá, òun á wọ̀ ọ́ lọ kírun ní Yídì. "Bí ara mi bá gbọ̀n lọ́jọ́ náà, a ó tà á. Bí kò bá gbọ̀n, kò sẹ́ni tó máa dá a sọ mọ́."

Bí wọ́n bá tà á, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. N ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Àwọn ọmọ abúlé yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n kà ni. Ọ̀kan nínú wọn, Àwáwù, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sára ògiri ilé wọn. Ìyá náà fi ẹyin adìẹ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Ta ló máa kọ́ ọ ní ìyókù?

Mo wọ́n hàntú. Mo wọ́n ọn sí táyà, mo wọ́n ọn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò gba hàntú, ó ń gbọ̀n lọ. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùfú, mẹkáníìkì kan ní àdúgbò Ṣàngó. Mùfú wà lábẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Kò tiẹ̀ jáde. Ó ní kí n má pa ẹ́ńjìnnì. Ó fetí sí i. Ó sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ibẹ̀, "Àǹtí Tíṣà, síìtì ni. Síìtì yín ti kú. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pọ̀ o, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Èmi wo? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé èmi ni màá wá máa bi mẹkáníìkì pé kí ni síìtì? Síìtì kọ́ ni àga? Mo yíjú wo àga mọ́tò mi. Lóòótọ́, wọ́n ti gbó, sípíríǹgì ti yọrí jáde nínú ọ̀kan. Mo ní háà, àṣé torí èyí ni! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ Mùfú, mo bá tèmi lọ.

Ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ àga. Ó tú gbogbo àga mọ́tò náà, ó ki fóòmù tuntun sí i, ó fi awọ pupa bò ó. Pupa tó ń dán! Ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ náà, àpótí ìdáná ni mo gbé sínú mọ́tò tí mo jókòó lé lọ sílé ẹ̀kọ́. Láti ìta, iwájú orí mi nìkan làwọn èèyàn ń rí. Ẹ ò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò o! Nígbà tí wọ́n parí, mo jókòó sórí awọ pupa, mo ní Bísímílàhì, mo tan mọ́tò.

Gìrìgìrìgìrì. Ó tiẹ̀ tún burú sí i, torí fóòmù tuntun ń ta mí sókè.

Iléyá ku ọjọ́ méjì. Mo fi ìbínú wa mọ́tò dé Ṣàngó. Mo ní, "Mùfú, jáde lábẹ́ ibẹ̀! O ní kí n pààrọ̀ síìtì, mo pààrọ̀ síìtì, kí ló tún kù?"

Mùfú jáde wàyí. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó yọjú sínú mọ́tò, ó rí awọ pupa. Ó wò mí. Ó tún wo àga. Ẹ̀rín bá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú… síìtì ẹ́ńjìnnì ni mo wí! Èyí tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé! Kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin jókòó lé!"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n máa wò. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ sídìí sítíárì, ó tẹ bíréèkì, ó fi í sí gía, ó rọra ń yọ kílọ́ọ̀ṣì. Ni mo bá rí ẹ́ńjìnnì tó gbé ìdí sókè! Gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó tún jókòó, gbì! Mùfú ní, "Ẹ rí i? Rọ́bà ló yẹ kó wà láàárín òun àti irin mọ́tò. Rọ́bà ti ya. Irin ń lu irin, ẹ wá ní kí ara yín má gbọ̀n?"

Ó gbé pákó lé orí jáàkì, ó fi gbé ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó yọ síìtì mẹ́ta jáde, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lábẹ́ gíabọ́ọ̀sì. Rọ́bà ara wọn ti mu òróró, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ìgbà yìí, mo bèèrè o! Mo ní kí ló dé tí a ò fi pààrọ̀ èyí tó ya jù nìkan. Ó ní bí ọ̀kan bá gbó tí ìkejì jẹ́ tuntun, tuntun ni gbogbo ẹrù máa wá dá lé, òun náà á sì tètè ya. Ó de tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, ó ní kí n tan án. Mo tan án. Mo rò pé kò tan ni, mo tún fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Mùfú ń pariwo, "Ó ti tan, Àǹtí! Ó ti tan!"

Ọjọ́ Iléyá pé. Bàbá Àáfà jókòó níwájú lórí àga pupa, àwọn àbúrò ọkọ mi jókòó sẹ́yìn, wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Èrò pọ̀ lọ́nà Yídì. À ń lọ, à ń dúró, à ń lọ, à ń dúró. Láwàní ò mira. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì kú báyìí?" Bàbá Àáfà ò dáhùn. Mo yíjú wò ó… ó ti sùn! Nígbà tí a dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó sọ ọ́ sétí gbogbo wọn, "Àlíhámúdù lílàhì. Àdúà gbà. Àlùjànnú ti lọ."

Inú bí mi. Mo ti fi ìwé ìròyìn wé ọ̀kan nínú rọ́bà tó ya yẹn sínú báàgì, mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé iṣẹ́ Mùfú ni. Mo ti na ọwọ́ sínú báàgì. Mo wá wo ojú àwọn àbúrò ọkọ mi. Ẹnu wọn ti pa mọ́. Mo yọ ọwọ́ mi jáde lófìfo. Mo ní, "Àmín, Bàbá."

Wọn ò dá a sọ mọ́ lóòótọ́. Mo wa mọ́tò yẹn lọ sí abúlé títí Àwáwù fi jáde ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Mò ń kúnlẹ̀ kí Bàbá Àáfà láràárọ̀, mo sì ń sọ nínú mi pé, baba yìí gba ọpẹ́ oníṣẹ́.

Ọdún gorí ọdún. Ó wá di ìgbà tí ara Bàbá Àáfà ò le mọ́. Mo gbé ògì lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, síìtì ẹ́ńjìnnì yẹn, kò tíì tún ya?"

Mo gbé ife ògì sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

Ó ní, "Mùfú. Ilé kéwú mi ló ti kàwé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣe é ló wá sọ fún mi. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ní àdúà ni?"

Ó ní, "Mo bẹ Ọlọ́run kó mú ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé kò gbà ni?" Ó ní, "Bí mo bá sọ pé rọ́bà ni, àwọn ọkọ rẹ á ní yóò tún ya lọ́la, kí a tà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní àdúà ni, ta ló máa dìde bá àdúà jà nínú ilé Àáfà?"

Ẹ gbọ́… gbogbo ọdún tí mo fi ń bínú sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fara pamọ́ sí tí n ò mọ̀.

Mọ́tò ayé òde òní, iná á tàn níwájú ẹ pé ibi báyìí ló bàjẹ́. Ó dáa. Ẹ ṣáà máa bèèrè, ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bí ẹ tilẹ̀ gboyè mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n èèyàn tó máa ṣoore fún ọ, tí á jẹ́ kí o máa bínú sí òun, tí ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́… iná wo ló máa tàn láti fi í hàn yín?

Ẹkún ò jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní màá padà wá kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́ dáadáa. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e la sin ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá mọ ẹni tí ọpẹ́ tọ́ sí lọ́wọ́ yín, ẹ dìde, ẹ lọ nísinsìnyí.