Omi Tí Mo Bù fún Músíọ̀ Théophile

Ẹ̀yin ọmọ Rachael, ẹ jókòó, kí ẹnì kan pa rédíò yẹn. Dókítà ti ní kí n má retí ọdún tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Ọ̀rọ̀ bàbá yín ni. Ẹ̀yin àti gbogbo àdúgbò Nukafu gbà pé ní ọdún 1987, ó kọ̀ láti yin ológun lójú ológun, pé ó pa ẹnu mọ́ bí ọkùnrin títí wọ́n fi gbé e lọ. Irọ́ ni. Èmi Yéjídé ni mo pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ìtọ̀.

Nígbà náà mo ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato, àpò ìtọ̀ mi sì ti ya aláìgbọràn. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí, kò sí sùúrù. Mo lè máa wọn aṣọ fún oníbàárà lọ́wọ́, kí n jù ú sílẹ̀ kí n sá. Àwọn tó jókòó tì mí a máa rò pé mo rí aṣọ́bodè ni. Dókítà kan wá kọ oògùn fún mi. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ẹnu ènìyàn débi pé ahọ́n á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. "Má fún ẹlòmíràn lò o," ni dókítà wí. Mo fi Faransé jẹ́ ẹ pé, "Wi, dókítà."

Wàhálà mi ni animásíọ̀n. Ẹ̀yin kò bá a: wọ́n á kó gbogbo àdúgbò jọ sínú gbọ̀ngàn láti kọrin, láti jó fún olórí ìjọba, sójà á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ ìyìn tán. Théophile bàbá yín, tíṣà láti Atakpamé tó ń fẹ́ Rachael àbúrò mi tí mo tọ́ dàgbà, ni wọ́n yàn láti máa kà á. Bí gbólóhùn kan bá dùn mọ́ ọn, á tún un kà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Músíọ̀ Théophile, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrú." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí Faransé ṣe ń lọ nìyẹn. Bí a bá gé e, kò ní dùn mọ́." Ìtọ̀ kò gbọ́ Faransé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá sójà kan ń bọ̀, mo ti lo oògùn tèmi láàárọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù ìtọ̀ ń bà mí. Èmi ni wọ́n ní kí n bu omi fún Théophile. Mo lọ oògùn náà, mo dà á sínú ife, mo pò ó. Mo rò pé bí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ, á gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́. Kí ọ̀gá tó dé, kí a tó kọrin tán, oògùn ti ráyè. Théophile kàwé lórí pèpéle dé ibi tó yẹ kó dárúkọ olórí ìjọba, ni ahọ́n rẹ̀ bá lẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sétí òkun. Ọ̀gá sójà dìde, wọ́n ní ìpàdé parí.

Ibi tó burú jù rèé. Mo rí i tí sójà méjì dì í lápá mú. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọmọ, mo kọ́kọ́ lọ tọ̀. Nígbà tí mo padà, jíìpù ti lọ.

Wọ́n rán an lọ kọ́ni ní abúlé kan ní àríwá lọ́hùn-ún. Rachael sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, mo ń bá a nu omijé, mo ń wí pé, "Ọlọ́run ló mọ ìdí." Ẹ ò rí irú ẹnu mi. Nígbà tó fi padà tí wọ́n ṣègbéyàwó, àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di akọni. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lánàá mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Omi yẹn korò, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà." Ó ní ní àgọ́ sójà, wọ́n bi òun léèrè ẹni tó gbé omi wá, òun sì ní òun fúnra òun lòun bù ú. Mo ní kí ló dé tí kò dárúkọ mi. Ó ní, "Bí mo bá dárúkọ yín, ta ni yóò fún mi ní Rachael?"

Ẹ dárí jì mí. Oògùn tí dókítà bá kọ fún yín, ẹ má fún ẹlòmíràn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn tó. Akọni sì ni bàbá yín lóòótọ́. Orí pèpéle lẹ ti ń wá ìgboyà rẹ̀. Inú àgọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sí, ló ti lò ó.