Ẹni Tó Fọn Fèrè Inú Fíìmù Ítálì

Ọ̀rọ̀ tí Làtíìfù gbé mì láti èṣí kò dà níkùn rẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò sì fi bì í jáde lónìí. Ọjọ́bọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà. Bí àwọn Mùsùlùmí wa ti máa ń ṣe, ó ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Peckham, ó ń tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: kò sẹ́ni tí í béèrè ohun tí ẹ ṣe. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run á foríjì gbogbo wa," ọ̀rọ̀ parí, wọ́n á gbé mínírà wá. Àforíjì tó rọrùn báyẹn, ta ni kò fẹ́?

Ilé Mìsítúrà, opó Dáúdà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ẹ̀rù ń bà á.

"Ìyá Hameedah, ẹ foríjì mí."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe fún wa? Mo ti foríjì yín. Flight yín ni Thursday, àbí? Ẹ wá wo nǹkan."

Ó fa àwo orin tuntun kan yọ, orin fíìmù Ítálì àtijọ́ kan nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé bíríkì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tẹ̀ jáde. "Hameedah ló order ẹ̀ online. Orúkọ yín wà lẹ́yìn ẹ̀! Dáúdà máa ń sọ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fọn ọ́n."

Ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ogunlọ́gọ̀ gòjé ké, wọ́n rọlẹ̀, fèrè kan ṣoṣo sì bọ́ síta, tó ń sunkún bí ìyá tọ́mọ rẹ̀ kú.  Làtíìfù lè lọ sílé, àforíjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Dáúdà nìkan ló fọn eléyìí. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọ̀dọ́ ni wá nígbà tí wọ́n kó wa láti London lọ sí Rome, wọn ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára record nígbà yẹn. Last year, company tó fẹ́ tún un tẹ̀ phone mi, wọ́n ní ta ló dá fọn solo yìí. Mo ní èmi ni. Ìlara ni, Ìyá Hameedah. Gbogbo ayé mi, ẹ̀yìn Dáúdà ni mo wà."

Mìsítúrà pa orin náà. "Last year. Ṣé Dáúdà ti kú kí wọ́n tó pè yín?"

"Ó wà láàyè, ní hospital ní Camberwell. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀. Tí mo bá ti wọ ward báyìí, á ní, 'Làtíìfù, ṣé wọ́n ti pè? Ṣé wọ́n rántí wa?' Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, èmi ìkà, mo ní, 'Wọn ò pè o. Wọ́n ti gbàgbé wa.' Ó yíjú sí ògiri. Kò bi mí mọ́." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti pe company láàárọ̀ yìí, mo ti sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n ní àwọn á fi orúkọ ẹ̀ sí i."

Mìsítúrà gbé àwo orin náà kúrò lórí ẹ̀rọ, ó rọra tì í padà sínú páálí rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ní mo foríjì yín, n ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n tèmi nìyẹn o. Ti Dáúdà, ìgbà tó ń bi yín ló yẹ kẹ́ ẹ ti tọrọ ẹ̀."