Ẹ̀kọ Kì Í Ṣe Oúnjẹ Lọ́dọ̀ Wa

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbé mi, tí mo lè gun kẹ̀kẹ́ láti Òmù níbí dé Oye láì sọ̀ kalẹ̀ ní òkè kankan... ìgbà yẹn ni mò ń sọ. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bí o bá fẹ́ mọ bí ẹnì kan ṣe wà, o ó gbéra lọ wò ó ni.

Bùsọ́lá, má tíì yọ ohun tí o fi há mi ní ìka yẹn. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. O ní ó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, o ní ó dára. Ó kéré bí ohun tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. O mú un jáde láti inú báàgì rẹ bí ẹni mú bisikíìtì jáde. Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n fi oògùn mú ìyàwó mi sùn, kò sí ẹyọ kan irú rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ yẹn? Ẹyọ kan. Kò sí.

Ìwọ ọmọ àbúrò mi tí o ń kọ́ iṣẹ́ fífi oògùn mú aláìsàn sùn, ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé ìyá wọn kú sí ilé ìwòsàn. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún wọn.

Ìbídùn ìyàwó mi ní gẹ̀gẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ pọ̀ lọ́rùn àwọn obìnrin wa nígbà yẹn. Lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí i. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹyin ẹyẹ, ó dàgbà, ó tó ọsàn. Kò dùn ún. Ó tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Bàbá Táyọ̀, ẹ wò ó, èmi nìkan ni mo wọ ìlẹ̀kẹ̀ tí olè kò lè já." Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, tó bá ti dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á máa dún bí ìlẹ̀kùn tí kò lépo. Ni dókítà bá ní kí wọ́n gé e.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹun lọ́la o. Ẹ má jẹun títí a ó fi ṣe tán." Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Èmi náà gbọ́ ọ.

A kò sì jẹun. Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá tíì jẹ iyán kò tíì jẹun. Ó lè jẹ àkàrà, ó lè jẹ iṣu sísun lóko, ó lè mu gààrí. Bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Á ní, "Rárá o, mo kàn fi nǹkan panu ni." Ṣé ó parọ́? Kò parọ́. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, bí àwọn bàbá wa ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ wá ńkọ́? Ẹ̀kọ, mímu la ń mu ún. Ta ló ń mu ẹ̀kọ tí yóò ní òun jẹun?

Èmi ni mo po ẹ̀kọ náà.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìyẹn láti ẹnu mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo po ẹ̀kọ, mo fi mílíìkì sí i, mo dà á sínú fíláàsì, mo gbé e lọ bá a. Mo rò ó pé kò yẹ kí wọ́n la èèyàn lọ́rùn kí inú rẹ̀ sì ṣófo. Ó ní, "Ẹ fẹ́ sọ mí di ọmọ ọwọ́." Mo ní, "Mu ún, kí ara rẹ lè gba ọ̀bẹ." Ó mu ìdérí fíláàsì méjì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti ṣe tán, ẹ jẹ́ á máa lọ ulé. N kò fẹ́ràn òórùn ibí." Wọ́n wá gbé e lọ.

Èmi jókòó sórí bẹ́ńṣì níta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, ọkùnrin tó fún un ní oògùn oorun ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìwọ ń fi ẹ̀rọ yangàn. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ní? Àpò rọ́bà dúdú kan tó ń fi ọwọ́ fún, kí èémí lè wọ inú aláìsàn. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó fi ń fa itọ́ kúrò lọ́fun. Ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà, òun á fi pílásítà lẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ àyà aláìsàn, á ki ìdí rẹ̀ bọ etí ara rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ìka rẹ̀ kan kì í kúrò níbi tí iṣan ti ń lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí onítọ̀hún. Ojú ló fi ń wo ètè àti èékánná, bóyá wọ́n ń dúdú. Ìka, etí, ojú. Ó tán.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tuntun wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn o. Èyí tó ń kọ nọ́ńbà, tó ń há mọ́ ìka bí èyí. Nínú páálí ló wà, wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹrù, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n ń dúró de ẹni ńlá tí yóò wá gé rìbọ́ọ̀nù. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tú u kí ẹni ńlá tó dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú Ìbídùn ni wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù náà. Wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé kọrin. Ṣódípọ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rọ yẹn kò lè dá èébì tó pa á dúró. Mo mọ̀. Mo ṣì ń bi ara mi pé aṣọ wo ló yẹ kí wọ́n fi bo ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí èèyàn.

Jẹ́ n padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ṣódípọ̀ bi í kó tó fún un lábẹ́rẹ́. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ jẹun láàárọ̀ yìí?" Ìbídùn ní, "Rárá, ọmọ mi. N kò jẹun." Ó ní, "Ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?" Ó ní, "Iyán ọ̀sán àná." Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sùn. Ó wá fẹ́ ki rọ́bà èémí bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ti ti ọ̀nà náà sápá kan, kò tètè rí ojú rẹ̀. Ibi tó ti ń wá a ni ẹ̀kọ ti gòkè. Ó gòkè láti inú ikùn, ó gba ọ̀nà èémí, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ṣódípọ̀ ní, "Mo rí ohun funfun lọ́fun rẹ̀." Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó dorí bẹ́ẹ̀dì kodò, ó ń fà á, ó ń fà á. Nígbẹ̀yìn ó ki rọ́bà náà wọlé. Wọn kò fi ọ̀bẹ kàn án rárá.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní wọ́ọ̀dù. Ó ń mí bí ẹni tó ru igi gun òkè. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó dákẹ́.

Nígbà tí mo lọ gba òkú rẹ̀, fáìlì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì mátírọ́ọ̀nù. Mo ka ìwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù. Mo ka ohun tí wọ́n kọ láti òdìkejì tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé aláìsàn parọ́, ó ní òun kò jẹun. Parọ́... Mo tún un kà.

Mo ní, "Ta ló kọ èyí?"

Mátírọ́ọ̀nù pa fáìlì dé. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ̀yin ará oko ṣe ń ṣe nìyẹn. A ní kí ẹ má jẹun, ẹ ó yọ́ jẹ ẹ́, ẹ ó wá ní ilé ìwòsàn ló pa yín."

Mo ní, "Ẹ̀kọ ló mu."

Ó ní, "Ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ ni?"

Mo ní, "Lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe oúnjẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun àti akọ̀wé tó jókòó tì í. Òkú ìyàwó mi wà nínú yàrá kejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ṣódípọ̀ nìkan ló wá bá mi nílé. Ó jókòó sórí àga tí o jókòó sí yẹn. Ó ní, "Bàbá Táyọ̀, èmi ni mo bi í. Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá mu ẹ̀kọ ti jẹun. Ọdún mélòó ni mo ti lò níhìn-ín, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ là ń sọ." Ó ní òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ nínú fáìlì. Wọ́n kọ̀. Mo bu omi fún un. Òun nìkan ni n kò bínú sí.

Ìgbà ti wá yí padà, àbí? Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀lé ìyá rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀rọ níhìn-ín, ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, gbogbo wọn ń dún, píì, píì. Inú mi dùn. Ọmọbìnrin kan wá wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ kan náà! Ọmọ Èkìtì ni o. Mo pariwo mọ́ ọn, ìyá rẹ ní mò ń dójú ti òun.

Ó dáa. Ìwọ bi mí. Bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín.

— Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?

Rárá.

— Háà, Bàbá. Mo bá yín nídìí búrẹ́dì nígbà tí mo dé.

Búrẹ́dì ni. Mo ti jẹun bí? O rí i, o ti fẹ́ pè mí ní òpùrọ́. Tún un bi. Bi í lọ́nà mìíràn.

— Bàbá, kí ni gbogbo ohun tó ti kan ẹnu yín láti àná?

Ẹ̀n-ẹ́n. Iyán lálẹ́ àná. Omi. Tíì kan, búrẹ́dì méjì láàárọ̀ yìí. Ṣé o rí i pé mo sọ ọ́? Kò nira.

Máa bi wọ́n bẹ́ẹ̀, Bùsọ́lá. Ẹ̀rọ rẹ yìí dára, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì bá dáhùn. Mo mọ ohùn tí ì bá fi dáhùn. Ì bá ní, "Ẹ̀kọ ni, ọmọ mi. Ìdérí fíláàsì méjì. Ọkọ mi ló pò ó."