Irùngbọ̀n Àbúrò Mi

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí àga, ẹ jókòó sórí ibùsùn mi níbí, kò ní wó. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé àìsàn ló mú kí n pè yín, pé bóyá mo fẹ́ pín ẹrù mi ni. Kò sí ẹrù kankan láti pín. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Dókítà ti sọ bí kíndìnrín mi ṣe rí fún mi, kò fi bò. Èmi náà ò fẹ́ fi tèmi bò mọ́. Àbúrò ìyá mi, ẹ má tíì gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Màmá Kẹ́míìsì, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, lẹ́yìn àbúrò mi. Òun ti gbọ́ ọ láná. Mo kọ́kọ́ sọ fún un kí n tó ní kí ọmọ mi pè yín.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé irun ni mò ń dì tẹ́lẹ̀. Ìdúró ló ba ẹsẹ̀ mi jẹ́. Nígbà tí mi ò lè dúró mọ́, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aṣọ lórí fóònù ní kí n wá ohun tí mo lè máa jókòó tà. Ó ní àwọn tó ń ta ìpara obìnrin ti pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ, ṣùgbọ́n pé àwọn ọkùnrin náà ń wá ohun tí wọn yóò fi tún ara wọn ṣe, ojú ló ń tì wọ́n láti wọ ṣọ́ọ̀bù lọ béèrè. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ra abẹ ìfárùngbọ̀n, òòyà kéékèèké, ọṣẹ, lọ́fínńdà àti òróró irùngbọ̀n, mo kó wọn sábẹ́ ibùsùn yìí, mo sì ṣí ìsọ̀ kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pe orúkọ rẹ̀ ní Ọkùnrin Gidi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní bọ̀dá, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, wọ́n ń béèrè bí òróró tí mò ń fi sí àgbọ̀n tèmi láàárọ̀ ṣe ń pọ̀ tó, èmi tí irun kan ṣoṣo kò hù lágbọ̀n mi rí. Èmi náà á sì dáhùn, á dà bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú dígí ni.

Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yá, títí oníbàárà kan fi ní òun fẹ́ rí ojú ọ̀gá tó ni ìsọ̀. Àbúrò mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ irùngbọ̀n tó ní nígbà náà, bó ṣe dúdú, tó kún, tó ń dán. Mo ti yà á ní fọ́tò rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé mi, níbi tó ti ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Mo tún wá fọ́tò rẹ̀ kan tó ti pẹ́, èyí tó yà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, tí àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ bí àwo. Mo to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ pé, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí lo òróró yìí. Mo kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó ní irùngbọ̀n pé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, mo wá ń ṣe bíi pé ojú rẹ̀ náà, tèmi ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọjà ti gbóná.

Obìnrin tó ń ta òróró fún mi kò lè pèsè rẹ̀ tó mọ́. Dípò kí n dúró dè é, mo bẹ̀rẹ̀ sí pò ó fúnra mi nínú kíṣíìnì. Òróró tí kò wọ́n ni mo fi ṣe é, lọ́fínńdà díẹ̀, àti èròjà kan tó máa ń ta ni lára, èyí tí wọ́n ń fi sínú ìpara ara ríro. Àwọn ọkùnrin ló kó mi sí i. Bí òróró kò bá ta wọ́n, wọn ò ní gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i bí mo ṣe ń di ẹ̀bi rù wọ́n? Èmi ni mo pò ó. Wọ́n ní ó ń ta díẹ̀díẹ̀, mo fi kún un. Wọ́n yìn ín, mo tún fi kún un. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé pé àgbọ̀n òun ń bó, mo ní kó fi omi tútù bọ́jú. Ẹnì kejì, mo dínà mọ́ ọn kó má lè kọ̀wé sí mi mọ́. Mi ò dá títà dúró.

Lẹ́yìn wọn ni télọ̀ kan. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti súnmọ́lé, ó sì fẹ́ kí irùngbọ̀n òun kún dáadáa kí ọjọ́ náà tó pé. Ńṣe ni àgbọ̀n rẹ̀ bó yánnayànna, omi ń ṣẹ̀ níbẹ̀. Irú àgbọ̀n bẹ́ẹ̀ ló gbé wọ kẹ́míìsì yín, Màmá, láti ra ìpara tí yóò fi tọ́jú rẹ̀. Àbúrò mi, tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nígbà náà, ló wà nídìí káńtà. Télọ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo fọ́tò ìsọ̀ mi lórí fóònù, ó tún wo ojú rẹ̀. Ẹ mọ ìyókù jù mí lọ. Ó fi ọrùn ẹ̀wù fà á jáde, èrò pé lé wọn lórí, wọ́n ní inú kẹ́míìsì ọ̀gá rẹ̀ ló ti ń jí èròjà kó. Ó ń búra pé fọ́tò òun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé òun ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ gbìyànjú. Ẹ ní kó pe ẹnì kan tó lè jẹ́rìí sí i. Èmi ló pè.

Nígbà tí mo dé, ó jókòó sórí páálí oògùn, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti já. Bó ṣe rí mi ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn, pé ara rẹ̀ balẹ̀. Màmá, ẹ bi mí pé, "Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ dàgbà. Ṣé ẹ mọ ohunkóhun nípa ọjà yìí?" Fóònù mi wà nínú báàgì, ó ń gbọ̀n sí mi ní ìhà, àwọn oníbàárà ń béèrè òróró. Mo ní, "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o, Mà. Àwọn ọmọ ìwòyí, ta ló mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe?" Ká ní mo dúró sí pé mi ò mọ̀ ni, irọ́ lásán ni ìbá jẹ́. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni mo fi tà á. Kò bínú. Ńṣe ló ń wò mí bíi pé mi ò gbọ́ ìbéèrè yín dáadáa.

Ẹ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì dá yín lẹ́bi. Bàbá ọmọbìnrin tí àbúrò mi fẹ́ fẹ́ ní òun ò ní fi ọmọ òun fún gbájúẹ̀. Àbúrò mi wá sí ilé mi, ó sunkún. Mo bu oúnjẹ fún un, mo ní kó ṣe sùúrù, pé ẹni tó ṣe é yóò rí i. Ẹ gbọ́ bí ẹnu mi ṣe dùn. Ó wá ní òun fẹ́ fá irùngbọ̀n òun kúrò, torí wọ́n ń nàka sí òun lójú títì. Ó béèrè bóyá mo ní abẹ. Mo wọ yàrá, mo fa páálí jáde lábẹ́ ibùsùn, mo mú abẹ tuntun kan nínú ọjà mi, mo gbé e fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, mò ń gbọ́ bí abẹ ṣe ń ha á lójú. Kó tó bọ́jú tán, mo ti pa ìsọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù.

Láti ìgbà yẹn, ẹrù ló ń rù ní ilé ìkẹ́rùsí. Kò fẹ́yàwó. Nígbà tí àìsàn yìí dé, òun ló ń gbé mi lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń fọ aṣọ mi. Láná, ó ń fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò tètè dúró. Ìgbà tó yá ló béèrè pé, "Lọ́jọ́ tí mo wá sunkún lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ ti mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ẹsẹ̀ mi gbẹ, ó da omi nù, ó lọ. Láàárọ̀ yìí, ó mú oògùn mi wá, ó gbé e sórí tábìlì, kò kí mi. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ.

Ọmọ mi, ìwọ náà ń tajà lórí fóònù báyìí. Ojú ara rẹ ni kó o máa fi tà á. Ẹ̀yin yòókù, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ó ti tán, pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Ẹ má sọ ọ́. Ìdáríjì tèmi lè dúró. Màmá Kẹ́míìsì, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sí àbúrò mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí ẹ sọ fún un lójú gbogbo èèyàn tó wà níbí pé kò jalè. Kí ẹ pè é lórúkọ bí ẹ ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Mà á dákẹ́ báyìí, kó lè gbọ́ yín.